Ọ̀nà Àbùjá Tí Akẹgbẹ́ Ẹni Kò Fẹ́ Gbà: Àgbéyẹ̀wò

Ká ní ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ káàdì ìdánimọ̀ 200 wá sí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ orúkọ, kíláàsì àti nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 3 péré ló ń lò lórí káàdì kan, wákàtí 10 gbáko ni yóò fi jókòó. CorelDRAW ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Print Merge, InDesign náà ní tirẹ̀, Data Merge. A ó to orúkọ àwọn ọmọ sínú àtẹ kan, a ó ya káàdì ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á sì fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì ní san owó lọ́tọ̀ kó tó lò ó. Síbẹ̀, ní Ṣómólú l'Ékòó tàbí Mókọ́lá n'Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí dìsáínà tó mọṣẹ́ dunjú tó ṣì ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mìíràn. Actions wà nínú Photoshop láti 1996: ohun tí a bá ṣe sí fọ́tò kan, á rántí rẹ̀, á sì ṣe é sí gbogbo ìyókù. Paragraph style ń pààrọ̀ gbogbo àkọlé inú ìwé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù tó ń parí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń wá kiri inú mẹ́nù kò lóǹkà. Kí wá ni ẹni tó mọ àwọn ọ̀nà àbùjá wọ̀nyí lè ṣe fún akẹgbẹ́ tó ń lọ́ tìkọ̀? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọn kò sì bára wọn mu.

Kí ló ń dá wọn dúró?

Ní 1987, John M. Carroll àti Mary Beth Rosson, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní IBM nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ kò tíì yé tọ́ka sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kò wá kẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ló wá ṣe. Nítorí pé iṣẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, kì í dúró kọ́ ohun tí ì bá mú iṣẹ́ náà yá. Lọ́nà kejì, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń wo ohun tuntun. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí tàpúrétà á máa fi àyè òfìfo ti ọ̀rọ̀ sí àárín ojú ewé. Ẹni tó ti CorelDRAW bọ́ sínú InDesign á máa ya àpótí ọ̀tọ̀ fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣàn láti ojú ewé kan bọ́ sí èkejì.

Kò sí ìwà ọ̀lẹ nínú èyí. Òun náà ló sì fà á tí pípẹ́ nídìí iṣẹ́ nìkan kò fi ń sọ ènìyàn di ayára. Ìwádìí tí David Lane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 lórí àwọn tó ti pẹ́ nídìí Microsoft Word fi hàn pé púpọ̀ wọn ṣì ń fi máòsì tẹ àmì ojú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tí bọ́tìnì méjì ì bá parí.

Nílẹ̀ tiwa, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Iná lè lọ nígbàkigbà, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Oníbàárà jókòó sẹ́yìn dìsáínà, ó ń nàka, ó ń sọ pé “gbé e sókè díẹ̀ sí i”; ojú rẹ̀ kọ́ ni ènìyàn yóò ti dán ohun tí kò mọ̀ wò. Ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò kì í sì í ṣe ojúlówó, nítorí náà bí nǹkan bá dàrú, kò sí iléeṣẹ́ tí wọn yóò pè. Ẹni tó bá ṣọ́ra lábẹ́ irú ipò yìí ní ìdí tirẹ̀.

“Ẹ fi èrè rẹ̀ hàn án”

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gbà pé bí akẹgbẹ́ bá rí èrè, á yí padà. Fred Davis ló fún èrò yìí ní ìdúró tó lágbára ní 1989. Ó ní ohun méjì ló ń pinnu bóyá ènìyàn yóò lo ẹ̀rọ kan: ṣé ó gbà pé yóò ran iṣẹ́ òun lọ́wọ́, ṣé ó sì gbà pé kò ní ni òun lára. Nínú méjèèjì, ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ ló rí pé ó wúwo jù. Ṣáájú rẹ̀, Everett Rogers ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1962, lórí bí nǹkan tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀, pé ohun tí a lè dán wò díẹ̀ láìfi púpọ̀ ṣòfò, tí àbájáde rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ojú, ló máa ń yára rí ẹni gbà á.

Àwọn tó ń tẹ̀lé èrò yìí kì í wàásù. Wọ́n á mú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an, ẹnì kan á ṣe é lọ́nà àtijọ́, ẹnì kan lọ́nà tuntun, wọ́n á wá wo aago. Ó dára, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀nà tuntun kì í yá. Ohun tí ọwọ́ ẹni ti mọ́, á ṣe é ní ogún ìṣẹ́jú láìwojú. Ọ̀nà àbùjá lè gbà á ní wákàtí kan kí ó tó mọ̀ ọ́n. Aago tí a gbé wá láti fi yí i lọ́kàn padà lè wá jẹ́rìí gbè é. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀lé ti Davis ló jẹ́ pé wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n rò pé àwọn yóò ṣe. Ohun tí wọ́n padà ṣe lè yàtọ̀.

“Ẹ kó wọn jọ, ẹ kọ́ wọn”

Iléeṣẹ́ ńlá fẹ́ràn èyí: wọ́n á pe olùkọ́, wọ́n á ya Sátidé kan sọ́tọ̀, wọ́n á pín ìwé. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun kan náà, a kò sì dá ẹnì kan yọ bí aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n láti 1885 tí Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti tẹ ìwádìí tó ṣe lórí iyè ara rẹ̀ jáde ni a ti mọ̀ pé ohun tí a kọ́ tí a kò sì tún yẹ̀ wò máa ń yára sá lọ. Ẹni tó kọ́ Data Merge lónìí, tí iṣẹ́ káàdì kò sì dé títí oṣù mẹ́ta, á padà sí ọ̀nà tó mọ̀. Ní tèmi, kíláàsì yẹ nígbà tí gbogbo iléeṣẹ́ bá ń kó lọ sínú sọ́fítíwíà mìíràn. Fún akẹgbẹ́ kan tó ń lọ́ tìkọ̀, ìnáwó asán ni.

“Díẹ̀díẹ̀, lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀”

Carroll fúnra rẹ̀ ló darí ẹgbẹ́ kẹta. Ìwé rẹ̀ The Nurnberg Funnel jáde ní 1990. Orúkọ ìwé náà wá látinú àwàdà àtijọ́ kan ní Jámánì, nípa àrọ tí wọ́n lè fi da ìmọ̀ sínú orí ènìyàn; Carroll ní irú àrọ bẹ́ẹ̀ kò sí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gé ìwé atọ́nà kọ̀ǹpútà kúrú. Wọ́n yọ àlàyé gígùn, wọ́n fi iṣẹ́ gidi síbẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ bí ènìyàn yóò ṣe jáde bó bá ṣìṣe. Àwọn tó lo ìwé kékeré náà yára kọ́ ju àwọn tó lo èyí tó nípọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù dìsáìnì, ohun tó jọ èyí ni ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ní nǹkan kan tàbí méjì fún ọ̀sẹ̀ náà: Ctrl+D láti ṣe ẹ̀dà ohun tí a yà ní CorelDRAW, Ctrl+R láti tún ohun tí a ṣe kẹ́yìn ṣe. Bí èyí bá ti mọ́ ọwọ́, ká yí ìwé náà padà. Carroll tún dán sọ́fítíwíà kan wò tí wọ́n ti àwọn ibi eléwu inú rẹ̀ pa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Kò rọrùn fún wa láti ti gbogbo ibi eléwu pa nínú Photoshop, ṣùgbọ́n a lè fún ẹni tó ń kọ́ ní ẹ̀dà fáìlì, kí ojúlówó fáìlì oníbàárà wà níbi tí ọwọ́ kò ní tó o. Ìbẹ̀rù “kí n má lọ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́” máa ń dínkù púpọ̀ bí a bá ṣe èyí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Àsìkò tí ìrànlọ́wọ́ dé náà ṣe pàtàkì. Microsoft fi Clippy, kílíìpù ìwé tó lójú tó ń sọ̀rọ̀, sínú Office 97, ó sì ń já lu iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Nínú Office XP ti 2001, wọ́n pa á tì, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń tan án. Nígbà tí Office 2007 dé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Akẹgbẹ́ tó ń dúró sẹ́yìn àga ẹlòmíràn, tó ń sọ pé “bọ́tìnì kan ṣoṣo ló yẹ kí o tẹ̀ o”, Clippy ni òun náà.

Ìkùdíẹ̀-káàtó ẹgbẹ́ yìí ni pé ọ̀nà àbùjá mẹ́wàá tí a kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má di ọgbọ́n. Suresh Bhavnani àti Bonnie John kọ ọ́ ní 2000 pé ènìyàn lè mọ gbogbo àṣẹ inú sọ́fítíwíà, kó má sì mọ ìgbà tó yẹ kó lo èyíkéyìí. Bí a ṣe to iṣẹ́ gan-an ló ń dín àkókò kù: ká parí ẹ̀yà kan dáadáa kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ká jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe ohun tó jọra. Wọ́n ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í kàn hù látinú ìrírí, àfi kí wọ́n fi kọ́ni ní tààrà. Ẹ wo bí èyí ṣe tako Carroll tó ní ká má ṣe àlàyé gígùn! Kò tíì sí ẹni tó fi hàn ibi tí ààlà wà láàárín méjèèjì.

“Ọ̀dọ̀ akẹgbẹ́ ni ìmọ̀ ti ń wá”

Ní 1992, Michelle Gantt àti Bonnie Nardi wo bí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iléeṣẹ́ ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí i pé ní ibi púpọ̀, ẹnì kan máa ń wà láàárín ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn sọ́fítíwíà náà ju àwọn tó kù lọ, òun ni gbogbo ènìyàn ń sá tọ̀. Níbi tí ọ̀gá ti mọ ẹni náà sí iṣẹ́ yìí, tí wọ́n fún un ní àkókò tirẹ̀ láti ṣe é, ìrànlọ́wọ́ náà dúró ire. Jean Lave, tó ti wo àwọn ọmọṣẹ́ télọ̀ ní Làìbéríà, kọ ìwé lórí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Etienne Wenger ní 1991. Àwọn ọmọṣẹ́ yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òpin iṣẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ gán bọ́tìnì, wọ́n á gán etí aṣọ, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á kọ́ rírán, gígé aṣọ ló máa ń kẹ́yìn. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ká kọ́kọ́ fi ọ̀nà àbùjá sí ibi tí àṣìṣe kò ti ní ná ẹnikẹ́ni ní owó, bíi fífi Actions dín ìwọ̀n fọ́tò kù, ká tó mú un dé ibi tí iṣẹ́ ti fẹ́ lọ sórí plate ìtẹ̀wé.

Ṣùgbọ́n télọ̀ Làìbéríà kò ní ìṣòro kan tí dìsáínà ní. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀gá ló mọ̀, ọmọṣẹ́ ló ń kọ́. Nídìí kọ̀ǹpútà, àbúrò ló sábà máa ń mọ ohun tuntun, ẹ̀gbọ́n ló sì ń lọ́ tìkọ̀. Ọmọdé kò lè dúró lójú oníbàárà kó máa tún iṣẹ́ àgbà ṣe. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fáìlì yìí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá style tí mo ṣe yìí á gbé iṣẹ́ yín dúró.” Ẹ̀gbọ́n á rí i, á sọ ohun tí kò dára nínú rẹ̀, wọ́n á jọ tún un ṣe, iṣẹ́ náà á sì di ti àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni, ó sì tún gbọ́n: ẹ̀gbọ́n mọ iṣẹ́ ju àbúrò lọ, ohun tó ń ṣọ́ lè jẹ́ ohun tí àbúrò kò tíì rí.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé ó ń jẹ àkókò ẹni tó mọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ń dúró, kò sì sí ẹni tó ń san owó rẹ̀ fún un. Bó bá sì jápa lọ sí Kánádà lọ́la, ìmọ̀ gbogbo ilé tẹ̀lé e lọ.

“Ẹ má kọ́ ọ, ẹ ṣe é sílẹ̀ fún un”

Ẹgbẹ́ karùn-ún ní ìbéèrè wa kò tọ̀nà rárá: kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n? Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àwòṣe sílẹ̀, kí ó to style àti àwọ̀ sínú rẹ̀, kí ó ka Actions sílẹ̀, kí àwọn tó kù kàn máa fi ọ̀rọ̀ àti fọ́tò sí i. Canva, tó jáde ní 2013, gbé òkìkí rẹ̀ ka orí irú àwòṣe báyìí.

Ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó tí a fi Yorùbá kọ ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Unicode ní ẹ àti ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ tiwọn. Àmì ohùn máa ń gun orí lẹ́tà náà lọ́tọ̀ ni. Nínú fọ́ǹtì tí kò gbọ́ èdè yìí, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn dìsáínà kan ń fi ọwọ́ gbé àmì lé lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn á kàn pa á rẹ́, orúkọ olóògbé á sì di ohun mìíràn lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wá fọ́ǹtì tó dára, tó fi sínú style, tó sì fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ìyọnu náà ti tán fún gbogbo ilé láìsí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Nínú gbogbo ọ̀nà, èyí ló ń so èso yá jù. Ewu rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí àwòṣe náà bá dàrú, tàbí tí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀, iṣẹ́ á dúró títí ẹni tó ṣe é yóò fi dé. Àwọn àgbà oníṣẹ́ tún máa ń kùn pé wọ́n ti sọ àwọn di atẹ-bọ́tìnì, ẹ̀sùn náà kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá.

“Òfin ni”

Ẹgbẹ́ kẹfà ní kí ọ̀gá kàn pàṣẹ. Níbi tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń ṣí fáìlì kan, bí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, òfin tọ́: ẹni tí kò lo style ń ba tiẹ̀ jẹ́, ó tún ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Níbòmíràn, òfin máa ń mú kí ènìyàn ṣe é lójú ọ̀gá, kó padà sí tiẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá.

Ta ló ni àkókò tí a dín kù?

Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú gbà láìjiyàn pé dídín àkókò kù dára. Ẹgbẹ́ ìkẹyìn ní ó dára fún ta ni? Dìsáínà tó ń gba owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ni wákàtí tó bá dín kù. Á gba iṣẹ́ mìíràn, tàbí kó tètè lọ sílé. Ẹni tó ń gba owó oṣù kò ní i. Bó bá parí káàdì 200 náà kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣẹ́ mìíràn ni ọ̀gá á gbé ka iwájú rẹ̀, owó oṣù kò sì ní yí padà. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni márùn-ún, ta ni kò mọ ohun tó kàn?

Oníbàárà náà wà níbẹ̀. Nígbà tó bá rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an: “Ṣebí o kàn tẹ bọ́tìnì ni?” Ọ̀pọ̀ dìsáínà mọ èyí, wọ́n sì mọ̀ pé pípẹ́ nídìí iṣẹ́ jẹ́ ara ohun tó ń dá owó wọn láre. Ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ṣe ìṣirò, ìṣirò rẹ̀ sì péye. Kò sí ìwé pélébé tàbí àbúrò ọlọ́gbọ́n tó lè yí èsì rẹ̀ padà. Ètò owó nìkan ló lè yí i.

Mo gbà pé èyí ni wọ́n fojú fò jù nínú gbogbo ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohun gbogbo. Àwọn tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fúnra wọn, tí gbogbo èrè jẹ́ tiwọn, wà lára àwọn tó ń tẹ káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, Carroll àti Rosson ló tún jàre.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́, bí ìyípadà náà ti ń pẹ́ tó. Ó rọrùn láti fi hàn pé akẹgbẹ́ lo ọ̀nà àbùjá ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́ ọ. Bóyá ó ṣì ń lò ó lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí iṣẹ́ bá ń jó o lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà tí mo tọ́ka sí wá láti ọ́fíìsì olówó oṣù ní ìlú tí iná kì í ṣẹ́jú, tí sọ́fítíwíà sì jẹ́ ojúlówó. Iye tó kan ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ni mẹ́ta ní Ṣómólú nínú wọn ṣì wà lójú àríyànjiyàn.

Ìkẹta ni ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní 2023 ni Adobe fi Generative Fill sínú Photoshop, ènìyàn á kọ ohun tó fẹ́, ẹ̀rọ á yà á. Àwọn kan ní èyí ti parí ìjà: kò ní sí ọ̀nà àbùjá láti kọ́ mọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò mọ ohun tí style jẹ́ kò ní mọ ohun tí yóò ní kí ẹ̀rọ ṣe. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní ẹ̀rí díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì sí èyí tó borí.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin tó ní akẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ tó ṣí mẹ́nù kankan hàn án, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń gba àkókò rẹ̀ jù, kí ẹ sì bi ọ̀gá yín léèrè ẹni tí àkókò náà yóò jẹ́ tirẹ̀ bó bá dínkù.